Ìfẹ́ Omi Sọ Ọbalọlá Di Òpùrọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó ni ìtàn yìí kò fẹ́ ká fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí. Ó ní ká pe òun ní Ọbalọlá tí bàbá òun sọ òun, ká sì kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pàápàá ibi tó ń ti òun lójú jù. Ó ní bí ẹnì kan bá wà níbì kan tó ń rò ó lọ́wọ́ bóyá kí òun fi ohun tí ọkàn òun fẹ́ràn ṣiṣẹ́ jẹun, kí onítọ̀hún fi sùúrù gbọ́ tòun ná.

Akọ̀wé ni Ọbalọlá ní ọ́fíìsì kan ní Creek Road, ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Ọdún mẹ́jọ ló fi jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo, tó ń to ìwé ẹrù, tó ń lu òǹtẹ̀, tó ń gbọ́ ariwo tírélà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Olódì-Àpápá ló ń gbé pẹ̀lú Rekiat ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, àti Mujeedat ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Omi ni ayọ̀ rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kó sì tó pé ọmọ ọdún méje ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Nígbà tó dàgbà, kò sí àárọ̀ Sunday tí kì í lọ sí adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àpápá. Bó bá ti wọnú omi báyìí, gbogbo ìwé ẹrù, gbogbo òǹtẹ̀, gbogbo ariwo tírélà á kúrò lórí ẹ̀mí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé inú omi nìkan ni òun ti ń gbọ́ ohùn ara òun.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì kò pé.

Nígbà tí Rekiat wà nínú oyún Mujeedat ni etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tan iná sínú etí, ó wò ó pẹ́, ó ní awọ etí náà ti lu. Ó ní kó lọ máa ṣeré lórí omi tó bá fẹ́, kó fi nǹkan dí etí, ṣùgbọ́n kó má dán an wò láti lọ sísàlẹ̀ omi tó jìn. Bí omi tútù bá gba ihò yẹn wọlé lọ́hùn-ún, orí á yí i débi tí kò ní mọ ibi tí òkè wà mọ́.

Rekiat gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀, ó ní kó búra pé kò ní wọ omi tó bá jìn ju gíga ara rẹ̀ lọ. Ọbalọlá búra. Ọmọ náà sì ta gìrì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi adágún ìwẹ̀ yẹn ló ti pàdé Oghenetega. Tega ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara bíi ti ọmọ onílé. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ ló ń ṣe fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fidelis. Bí wáyà tàbí okùn bá lọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, tàbí tí ìdọ̀tí bá gbá mọ́ abẹ́ rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè pé kí wọ́n wá wọ abẹ́ omi lọ tú u.

Tega wo bí Ọbalọlá ṣe ń gbá omi lọ gbá omi bọ̀, ó mi orí. Ó ní ẹni tó mọ omi tó báyìí, tó wá ń jókòó sídìí ìwé, ìyà ló fi ń jẹ ara rẹ̀. Ó ní àyè kan ti ṣí lọ́dọ̀ àwọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọbalọlá lára. Odidi oṣù kan ló fi ń rò ó. Bó bá ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, ó ń rí omi. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí èèyàn á fi máa fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe ohun tí kò fẹ́, nítorí kó lè fi wákàtí méjì ṣe èyí tó fẹ́.

Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, Bàbá Oyèníran, àgbàlagbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ èbúté kí wọ́n tó bí i. Bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ràn ẹyẹlé púpọ̀, òun sì ń sìn wọ́n nílé, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ fi wọ́n jẹun, torí ọjọ́ tí òun bá ti ń wo ẹyẹlé tí òun ń ro oúnjẹ, ọjọ́ yẹn ni wọn kò ní tu òun nínú mọ́.

"Ohun tó ń tù ọ́ nínú," ni bàbá náà wí, "má jẹ́ kó di ọ̀gá rẹ. Àti pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, etí omi ló ń dúró sí."

Ọbalọlá dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sọ fún Rekiat.

Àmọ́ ìdíwọ́ kan wà. Kí Fidelis tó gba ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òmùwẹ̀ wò: àyà, ojú, imú, etí. Ọbalọlá mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tan iná sínú etí òun báyìí, ó ti parí. Ọjọ́ méjì ni kò lè jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta, ó pe Yasir àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ jókòó níwájú dókítà ní orúkọ òun.

Yasir bi í léèrè bóyá ewu kankan wà níbẹ̀. Ọbalọlá ní kò sí, pé ìwé lásán ni, pé etí òun ti san tipẹ́. Yasir lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà pé ara Ọbalọlá le koko, pé etí rẹ̀ méjèèjì pé.

Ó ní ẹ̀rù ba òun nígbà tí òun ń gba ìwé yẹn. Ó ní òun pè é ní ayọ̀.

Rekiat ni irọ́ kejì wà fún. Ó sọ fún un pé wọ́n ti gbé òun kúrò nídìí tábìlì, pé etí omi gan-an ni òun á ti máa yẹ ẹrù wò báyìí. Ìyẹn ló fi bo oòrùn tó ń pa á dúdú, àti òórùn iyọ̀ tó ń gbé wálé. Rekiat bá a dúpẹ́ pé wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ omi náà ló mọ̀ pé òun ti ṣe àṣìṣe. Omi adágún òtẹ́ẹ̀lì mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Omi èbúté kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe tó ìwọ̀n gíga èèyàn kan péré sísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti tán. Ó gbé ọwọ́ síwájú ojú, kò rí i. Epo dúdú ń lẹ̀ mọ́ ọn létè. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá wà lórí rẹ̀ bí òrùlé tí kò lópin, bó bá sì fẹ́ jáde, kò ní kàn yọrí sókè bí ó ti máa ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ tá irin náà lọ títí á fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ayé. Ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn láti orí ọkọ̀ kékeré wá sí i lẹ́nu, okùn kan wà ní ìbàdí rẹ̀ tí ẹnì kan dì mú lókè. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bó bá fà á léraléra, kí wọ́n gbé e jáde.

Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa dé iwájú Bàbá Oyèníran? Ojú tì í. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù á lọ bó bá yá.

Kò lọ. Ó ń pọ̀ sí i ni. Kí ó tó pé oṣù kẹta, àárọ̀ Sunday náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dé òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Bí Mujeedat bá ní kí dádì òun wá wẹ̀ fún òun, bí ó ti rí omi nínú báàfù, á ní kó lọ bá màmá rẹ̀.

Etí náà sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ ni yóò dà bí ẹni pé wọ́n ń ti abẹ́rẹ́ bọ inú orí rẹ̀. Ó ń fi òwú tí ó fi fasilíìnì pa dí i. Ìrọ̀rí rẹ̀ ń ní àbààwọ́n. Nígbà tí Rekiat bi í, ó dáhùn pé ooru ni. Tega náà kíyè sí i pé ó ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọbalọlá dá a lóhùn pé ọ̀fìnkìn ni.

Tega kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó sọ fún Fidelis, kó sinmi. "Ẹni tó ní ọ̀fìnkìn kì í wọ omi. Òfin ni. Abẹ́ omi, guy, èmi àti ìwọ la jọ ń mí."

Ọbalọlá ṣèlérí pé òun á sọ. Kò sọ.

Ọjọ́ Tuesday kan, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n pè wọ́n pé okùn ńlá kan ti lọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ kan tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Oòrùn ràn dáadáa. Tega àti Ọbalọlá ló wọ omi. Tega mú ọ̀bẹ, Ọbalọlá á máa fa èyí tó bá ti gé jáde. Fidelis àti ẹnì kan wà lókè, wọ́n di okùn wọn mú.

Wọ́n dé ìdí ọkọ̀ náà. Wọn kò rí ara wọn. Ọbalọlá ń fọwọ́ gbọ́ bí Tega ṣe ń fi ọ̀bẹ rẹ́ okùn náà, gìrì, gìrì. Etí òsì rẹ̀ ń ro ó ju ti ọjọ́ kọ́jọ́ lọ. Ó ní kí òun gbé itọ́ mì kí ó lè fúyẹ́.

Nǹkan kan ró pọ̀ nínú orí rẹ̀. Ìrora náà dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni òtútù bí yìnyín wọ inú orí rẹ̀ lọ.

Ayé sì yí.

Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Òkùnkùn ni, kò sí nǹkan kan tí ojú lè dì mú, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń yí bí òòyì. Ó rò pé orí òun wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òun wà lókè. Ó bì sínú ohun tó fi ń mí, ó tu ú dànù, ó fa omi símú. Kò rántí okùn ìbàdí rẹ̀. Kò rántí òfin kankan. Ikú ni ó rí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sínú òkùnkùn láti di ohunkóhun mú.

Tega ló dì mú. Ó mọ̀. Ó mọ èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Tega gbá a mú, ó ń gbìyànjú láti mú un dúró jẹ́ẹ́. Ọbalọlá gbọn ọwọ́ náà dànù. Ó rí họ́ọ̀sì dì mú, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tí ẹ̀rù fún un, ó sì gbọ́ bó ṣe já kúrò lẹ́nu Tega. Ó gbé e sí ẹnu ara rẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì, òòyì náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kan tó rọ̀, kì í ṣe irin, họ́ọ̀sì náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ta sókè lẹ́bàá ọkọ̀ náà.

Wọ́n fà á sínú ọkọ̀ kékeré. Fidelis ti rí i pé okùn Tega kò dáhùn mọ́, ó ń fà á bọ̀ kíákíá. Nígbà tí Tega yọ, ojú rẹ̀ ti rí bí eérú, ẹnu rẹ̀ ṣófo. Fidelis tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń tẹ àyà rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó pẹ́ títí kó tó hú omi jáde.

Fidelis kò gbójú sókè nígbà tó béèrè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí họ́ọ̀sì rẹ̀?"

Ọbalọlá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Òun ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Ó ní òun kò pète rẹ̀. Ẹ̀rù ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́ tán, ẹ̀rù náà kò jẹ́ kó lè gbé e padà.

Wọ́n gbé Tega lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ méjì ni kò lajú. Ọbalọlá ń lọ jókòó síta wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán, ó ń gbàdúrà kí Olúwa má jẹ́ kí Tega kú. Bó bá sì rí nọ́ọ̀sì tó ń sáré jáde, ọkàn rẹ̀ á fò, nítorí ó ń bẹ̀rù pé Tega ti jí. Ó ní èyí ló dẹ́rù ba òun jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, pé àdúrà méjì tó takora ló ń jáde láti inú ọkàn kan.

Nílé, kò lè sùn, kò lè jẹun. Bí fóònù bá dún, á jù ú sórí àga bí ẹni tí iná jó. Rekiat rò pé ibà ni.

Ní ọjọ́ kẹta, Tega lajú. Wọ́n ní kí Ọbalọlá wọlé. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí kí Tega na ìka sí òun.

Tega ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ó ní òun kò rántí nǹkan kan lẹ́yìn ìgbà tí òun ń gé okùn. Wọ́n ti sọ fún òun pé òun ni òun yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu ara òun. Ó ní bóyá òun ṣiṣẹ́ jù ni, bóyá orí òun dàrú.

"Má bínú," ni Tega wí fún un. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá."

Ọbalọlá la ẹnu. Ó dìídì la ẹnu. Ó ní kó lọ sinmi, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ Friday, Fidelis ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ẹni tó ń yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu ara rẹ̀ lábẹ́ omi sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, pé òun máa dá Tega dúró, òun á sì kọ ọ́ sí àwọn ọ̀gá òmùwẹ̀ tó kù kí wọ́n má gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni Tega ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí àléébù. Ọbalọlá jókòó, ó kọ ìwé náà ní ìlà mẹ́rin. Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀sán Saturday ni àṣírí tú, nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Omoefe, ẹ̀gbọ́n Tega obìnrin, ló kan ilẹ̀kùn. Ó béèrè ilé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Rekiat ló ṣílẹ̀kùn, ó sì mú un wọlé tayọ̀tayọ̀. Kí Ọbalọlá tó jáde láti yàrá, Omoefe ti ń sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní àbúrò òun àti ọkọ Rekiat ni wọ́n jọ ń wọ abẹ́ omi, pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò òun, pé òun wá bẹ ọkọ Rekiat kó bá àwọn sọ òdodo tó bá mọ̀, nítorí òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọbalọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Rekiat kò wo ojú rẹ̀. Etí rẹ̀ òsì ni ó ń wò.

Omoefe yí sí i, ó kúnlẹ̀. Ó ju Ọbalọlá lọ ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Ó ní Tega kì í ṣe aláìbìkítà, pé ọmọ tó máa ń yẹ okùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe ẹni tó máa yọ họ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, Brother Ọbalọlá. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyè ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó lè sọ ọ́. Ó ní òun dúró, òun wo obìnrin tó kúnlẹ̀ yìí, òun sì tún sọ ọ́ pé òkùnkùn ṣú lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n òun gbọ́ bí Tega ṣe yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nǹkan gbígbóná kan ṣàn láti etí rẹ̀ wá sí ọrùn. Ó gbé ọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ni. Ó ń kán sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀.

Omoefe ń wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Rekiat mọ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "Dádì Mujeedat" ni Rekiat ń pè é, "ẹ" ló sì ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ pè é lórúkọ.

"Ọbalọlá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ta ni dókítà tó yẹ etí yẹn wò tó ní kó o wọ omi?"

Ọbalọlá fi ọwọ́ bo etí náà.

"Nígbà tí omi wọ ihò etí ẹ, tí orí yí ọ, kí lo dì mú?"

Ọbalọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní iwájú obìnrin méjèèjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti Yasir. Ó sọ ti ọ̀fìnkìn tí kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ó sọ bí òun ṣe mọ̀ pé èjìká Tega ni, àti ohun tó rọ̀ tí òun fi ẹsẹ̀ tì. Ó sọ ti ìwé ìlà mẹ́rin.

Omoefe dìde. Ọbalọlá retí kó gbá òun létí. Obìnrin náà kàn mú báàgì rẹ̀, ó yí sí Rekiat, ó ní kó wá bá òun pe ọ̀kadà. Rekiat sìn ín jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó gbé Mujeedat láti yàrá, ó ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, pé ìgbà tó bá ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú Fidelis àti níwájú Tega, kó tó pe òun.

Ọ̀nà ọ́fíìsì Fidelis kò tíì jìn lójú rẹ̀ rí bí ti àárọ̀ Monday yẹn. Àyà rẹ̀ ń lù débi pé ó ń gbọ́ ọ nínú etí tó ti dití tán. Ó ní ẹ̀rù tó ba òun lábẹ́ omi kò tó ti ẹnu géètì ọ́fíìsì yẹn. Ó wọlé, ó sọ ọ́. Fidelis gbọ́ ọ tán pátápátá, ó ya ìwé ìlà mẹ́rin náà, ó ní kó jókòó kó kọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "You for don kill am, and he for die dey blame himself." Ó ní kó má dé ọ̀dọ̀ òun mọ́ láé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ọ̀gá òmùwẹ̀. Ibi tí Yasir ti ṣe àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ pè é, ìyà tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Òun àti Ọbalọlá kò tíì padà máa sọ̀rọ̀ bíi tẹ́lẹ̀.

Fidelis kò dá Tega dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró Tega ti bàjẹ́ díẹ̀, dókítà ní kò lè wọ abẹ́ omi mọ́. Orí ọkọ̀ kékeré ló wà báyìí, òun ló ń di okùn àwọn tó kù mú.

Rekiat padà wálé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọ́n jọ ń gbé. Nígbà mìíràn, bí Ọbalọlá bá sọ ohun kan tí kò ju pé òun ń bọ̀ láti ọjà, Rekiat á wò ó pẹ́ kó tó dáhùn. Bàbá Oyèníran gbà á padà, kì í ṣe sídìí tábìlì, torí ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ó ń gbé ìwé kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì nínú oòrùn.

Oṣù méjì kọjá kí Tega tó gbà kó wá rí òun. Ìta ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì. Ọbalọlá dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ṣàlàyé. Ó ní òun fẹ́ràn omi jù ni, pé ìfẹ́ yẹn ló fọ́ òun lójú, pé Tega náà tó jẹ́ òmùwẹ̀ á mọ bó ṣe ń rí.

Tega ń mí díẹ̀díẹ̀.

"Èmi?" ni ó wí. "Mi ò fẹ́ràn omi rí. Ọdún mọ́kànlá, kò sí ọjọ́ tí ẹ̀rù ẹ̀ kì í bà mí. Torí ẹ̀rù yẹn náà ni mo ṣe ń tẹ̀ lé gbogbo òfin. Iṣẹ́ mi ni. Ìwọ lo fẹ́ràn ẹ̀."

Ó ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kó má tíì máa wá. Ọbalọlá dìde, ó sì lọ.

Ohun tó ní ká sọ fún yín nìyí. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tó fẹ́ràn ṣiṣẹ́, ó mọ àwọn tó ṣe é tó sì dára fún wọn. Ó ní kí ẹ kàn kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè sọ gbogbo òtítọ́ nípa ara yín fún ẹni tí ẹ jọ ń gbélé àti ẹni tí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé irọ́ kan ṣoṣo ló máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún yín, ó ní kí ẹ fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní títì, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.